Ẹ gbà mí lórí "olmoq" ti èdè Uzbek

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ará Uzbekistan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn níbí, mo sì ti ń kọ́ èdè wọn. "Olmoq" ló ń dà mí lọ́kàn rú. "Mú" tàbí "gbà" ni: kitobni oldim, mo mú ìwé náà. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ pé bora olaman, wọ́n ní "mo lè lọ" ni. Wọ́n á tún ní sotib oldim, "mo rà á", bẹ́ẹ̀ títà ni sotmoq! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Màmá Ìbejì: Àbúrò mi, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ni kí o máa wò. Bó bá parí sí -a, tàbí -y lẹ́yìn fáwẹ̀lì, "lè" ni: yoza olaman, mo lè kọ ọ́, o'qiy olaman, mo lè kà á. Bó bá jẹ́ -ib, ẹni tó ṣe é ló ṣe é fún ara rẹ̀: yozib oldim, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìlò ara mi. Ẹlòmíràn lo kọ ọ́ fún? Bermoq, ìyẹn "fún", ló kàn: yozib berdim. Sotib olmoq ní tirẹ̀, rírà ni, má tú u. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá! Olib kel, "mú wá". Olib ket, "mú lọ". Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó tẹ̀ léra, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Àwa á ní "mú omi wá", omi wà láàárín; tiwọn, omi ló ń ṣáájú: suv olib kel. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, opkel lo máa gbọ́. Àìṣe náà, ara olmoq ni wọ́n ń so ó mọ́: bora olmayman, mi ò lè lọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀gá wa máa ń ní "yozib oling". Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń wí, àbí?

Màmá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni. -ing yẹn ni ọ̀wọ̀, bíi "ẹ" tiwa, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn náà. Yozib ol ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé àti ọ̀rẹ́.