Ṣé "ìtọ́jú iṣẹ́" ni occupational therapy lóòótọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè fara mọ́ "ìtọ́jú iṣẹ́" tẹ́ ẹ ní ká máa pe occupational therapy yẹn, ìtọ́jú tó ń ran ẹni tí àìsàn tàbí ìpalára ò jẹ́ kó lè ṣe nǹkan mọ́ lọ́wọ́ kó tún lè máa ṣe é. Occupation tí wọ́n ń wí níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù nìkan, gbogbo ohun téèyàn ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, wíwẹ̀, jíjẹun, aṣọ wíwọ̀, ọjà lílọ.

Mo mọ̀ pé ẹ jàre díẹ̀ o. Lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ní Clifton Springs, New York, lọ́dún 1917 ni George Barton, ayàwòrán ilé tí apá òsì ara ẹ̀ rọ, iṣẹ́ ọwọ́ àti ọgbà ríro ló fi ń tọ́jú ara ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú màmá mi lápá ọ̀tún, fisió, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú bí ara ṣe ń rìn tó sì ń gbéra, mú wọn rìn, ẹlòmíì, oníṣẹ́ occupational therapy, ló wá bi wọ́n pé "Màmá, kí lẹ fẹ́ máa dá ṣe?" Màmá ní bùbá àwọn làwọn fẹ́ dá wọ̀. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n ki ọwọ́ tó rọ bọ aṣọ ná, tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọwọ́ tó dá ṣáká. Ó ní ká gbé àpótí sí balùwẹ̀, ká fi àkísà wé ọwọ́ ṣíbí kó nípọn, ká tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà yọ̀, ká rán rọ́bà sí ìdí ìró. Ọwọ́ òsì tí wọ́n máa ń nà wá lé lórí ni wọ́n wá fi ń jẹun, ìyẹn gan-an ló dùn wọ́n jù.

Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tá a ń sọ nílé nígbà yẹn? "Màmá ti ń dá wẹ̀!" Kò sẹ́ni tó ní wọ́n gba òmìnira (independence), òmìnira ti ìlú ni, 1960 ló ń mú wá sọ́kàn, "ìdádúró" náà ò dáa, wọ́n á rò pé wọ́n dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. "Dá" yẹn ni mo rọ̀ mọ́. Mo dábàá "ìtọ́jú amúnidáṣe".

Àǹtí kan wà tó ní "dáṣe" lè jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan láìgbàṣẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "mú ni" tó ṣíwájú ẹ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan ló ràn án lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan náà lèèyàn á dá ṣe, títí dòní èmi ni mò ń bá Màmá wé gèlè.