Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ṣe hotspot, báwo ni bátìrì yín ṣe ń ṣe?

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n'Ìbàdàn níbí, orí fóònù mi sì ni láptọ́ọ̀pù mi ti ń fa dátà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí mo bá fi 100 bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti wọ 30, bẹ́ẹ̀ mi ò tẹ fóònù náà rárá o, orí tábìlì ló jókòó sí! Ẹ̀yìn ẹ̀ á wá gbóná débi pé èèyàn ò ní fẹ́ gbé e sétí. Iná ò sì dúró lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní hotspot ló ń ba bátìrì jẹ́, òmíì ní irọ́ ni. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, ojú mi rí nǹkan. Àwọn ọmọ mi àti bàbá wọn, orí fóònù tèmi ni gbogbo wọn kó ara wọn lé, ọ̀kan ń wo kátúùnù ọ̀kan ń gbá géèmù bàbá wọn ń wo bọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ WhatsApp nìkan ni wọ́n ń ṣe, bátìrì á rọra máa sọ̀ ni, àmọ́ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó lọ háfù táìmù fóònù ti ń ké gbà mí. Èyí tí ò wá yé mi ni pé, tí gbogbo wọn bá jáde tí hotspot ṣì wà ní títàn, kò sẹ́ni tó ń lò ó, bátìrì ṣì ń lọ!

Ẹńjiníà Fóònù:
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé mà. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mò ń ṣe, n'Ìkẹjà. Fóònù téèyàn ò tẹ̀ máa ń sùn ni, á kàn máa tají lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá mẹ́sééjì wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti tan hotspot, oorun ti tán nìyẹn. Á máa kéde orúkọ Wi-Fi ẹ̀ nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kí fóònù míì lè rí i, ẹnì kan wọlé o, ẹnì kankan ò wọlé o. Tẹ́nì kan bá wá wọlé, rédíò méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, èyí tó ń bá mast sọ̀rọ̀ àtèyí tó ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀. Ẹ wo inú sẹ́tìns, ọ̀pọ̀ Android ló níbi tẹ́ ẹ ti lè ní kó máa pa ara ẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n, mast tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Yàrá mi ní hostel, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló máa ń hàn, nígbà míì 4G á já sí 3G. Ìgbà tí mò ń kọ project mi, mo bá gbé fóònù sójú fèrèsé tó kọjú sí mast, èmi àti láptọ́ọ̀pù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù kan náà, síìmù kan náà, iṣẹ́ kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ tó ìlọ́po méjì kó tó kú. Mo ní háà.

Àǹtí Manchester:
Kì í ṣe Nàìjá nìkan o. Mo máa ń wọ rélùwéè láti Manchester lọ London, Wi-Fi inú ọkọ̀ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí náà hotspot ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ń sáré, fóònù ń fò látorí mast kan bọ́ sórí èkejì, tá a bá wọ abẹ́ ilẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, fóònù á máa wá a kiri. Nílé, dátà kan náà ni mò ń lò, bátìrì ò ń yára lọ báyẹn.

Ẹńjiníà Fóònù:
Bẹ́ẹ̀ ni. Tí mast bá jìnnà tàbí tí ògiri dí i, fóònù ní láti pariwo kí mast tó gbọ́ ọ, bátìrì ló sì fi ń pariwo.

Oníwáyà:
Èmi ò bá yín dá sí Wi-Fi o jàre. USB tethering ni tèmi, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, bó ṣe ń fún un ní dátà ló ń gba chájì padà. Kò ní yára kún o, torí iná tó ń jáde lójú USB 2.0 lásán, 500 milliamp ni, ti 3.0 sì jẹ́ 900, àmọ́ kò ní máa já wálẹ̀ bíi ti Wi-Fi. Láptọ́ọ̀pù ló ń san owó ẹ̀ ṣá, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti darúgbó tí kò sì síná, àwọn méjèèjì lè jọ kú. Ẹ tún lọ fi network yẹn sí metered nínú Windows, ìyẹn ni pé kí láptọ́ọ̀pù mọ̀ pé kó máa ṣọ́ dátà ná, torí update tí wọ́n ń fà lábẹ́lẹ̀ yẹn, ó ń jẹ dátà ó ń jẹ bátìrì.

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, màá gbìyànjú wáyà àti fèrèsé lọ́la. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń ba bátìrì jẹ́ àbí kò bà á jẹ́? Torí páwà báǹkì ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́ bí hotspot bá ṣe ń lọ.

Ẹńjiníà Fóònù:
Ooru ló ń bà á jẹ́. Apple fúnra wọn sọ pé ibi tó bá gbóná ju 35°C lọ lè dín agbára bátìrì kù láìní padà sípò mọ́, ọ̀sán oṣù kẹta n'Ìbàdàn nìkan á sún mọ́ ọn. Ẹ wá fi ooru hotspot kún un, ẹ tún fi ooru chájì kún un. Àwọn bátìrì wíwú tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá bèèrè, ọ̀pọ̀ á ní abẹ́ pílò ló wà, chájì wà lẹ́nu ẹ̀, hotspot wà lórí. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì pọ̀, ẹ yọ kéèsì ẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn á ti fẹ́ sí i. Tó bá sì ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má chájì ẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa pààrọ̀ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé mo lè máa gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀?

Ẹńjiníà Fóònù:
Ẹ jọ̀ọ́ mà! Tó bá jáde síta, ìrì á mú un, omi á wọ inú ẹ̀, ìyẹn á gbówó lọ́wọ́ yín ju bátìrì lọ. Ẹ gbé e síwájú fáànù.

Ìyá Ìbejì:
Fáànù wo? NEPA ti mú iná lọ.