Ọjọ́ tí wọ́n gba ìwọ̀n eyín yín, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ẹbúté
Ẹ kú ilé o. Eegun ẹran ìnáwó ló ṣe mí báyìí ní Ìgbógbó. Eyín iwájú lókè, mẹ́ta lọ. Ojú rẹ̀ ti jinná, dókítà ní kí n wá ní Túsìdeè kí wọ́n gba ìwọ̀n ẹnu mi fún eyín àtọwọ́dá. Ìṣòro mi ni pé bí búrọ́ọ̀ṣì bá kan ẹ̀yìn ahọ́n mi pẹ́rẹ́, èébì ti dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ló ṣe rí? Ẹ má tàn mí o.

Ìyá Ìbejì
Jókòó kí n sọ fún ọ. Nọ́ọ̀sì bu ìyẹ̀fun píǹkì kan sínú abọ́ rọ́bà, ó da omi sí i, ó ń pò ó kíákíá kíákíá bí ẹni tí alákàrà ń dúró dè, òórùn mínǹtì gba gbogbo yàrá. Wọ́n kó o sínú abọ́ irin oníhò tó tẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ márùn-ún. "Mọ̀mí, ẹ lanu." Mo lanu. Ẹ gbà mí! Dókítà tì í sókè, nǹkan ọ̀hún sì kọrí sí ọ̀fun mi. Omijé ń dà, itọ́ ń dà, imú náà ò gbẹ́yìn. Mo fẹ́ fà á yọ, dókítà gbá ọwọ́ mi mú: "Mọ̀mí, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín sókè, ẹ máa wo ìka rẹ̀." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bá gbé e sókè, bàtà mi fò, ó ba nọ́ọ̀sì láyà. Ibi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ ni nǹkan náà ti le. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Dókítà ní ohun tí òun torí ẹ̀ ní kí n gbẹ́sẹ̀ nìyẹn, kí ọkàn mi lè kúrò lọ́fun. Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é, mo ti fi ahọ́n ba àkọ́kọ́ jẹ́.

Dúró Owútù
Ẹ̀kọ jígbá ni. Gbé e mì.

Ìyá Ìbejì
Ta ló ní kó gbé e mì? Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?

Oníṣẹ́ Eyín
Iṣẹ́ mi rèé, èmi ni mò ń ṣe eyín náà lẹ́yìn tí dókítà bá gba ìwọ̀n tán. Ẹni tó ń bì kì í bí mi nínú. Ìwọ̀n tó ti gbẹ ló ń bí mi nínú. Omi ló pọ̀ jù nínú nǹkan píǹkì yẹn, bí oòrùn bá ti pa á, ó súnkì nìyẹn. Wọ́n á gba ìwọ̀n ní Ìjẹ̀dẹ̀ láago mọ́kànlá, wọ́n á sọ ọ́ sínú nílọ́ọ̀nù lásán, wọ́n á gbé e fún ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà á yà rapo, á yà jẹun ní Sábó. Aago méjì ló máa dọ́dọ̀ mi. Eyín tí mo bá ṣe lórí irú rẹ̀, ẹnu ẹlòmíì ló máa bá mu! Aṣọ tútù ló yẹ kí wọ́n fi wé e, kí wọ́n sì da POP sí i kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sílíkọ́ọ̀nù, nǹkan ìwọ̀n mìíràn tó dà bíi rọ́bà, lè dúró de ọlọ́kadà yẹn fọ́jọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọmọ Bàyékù
POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé?

Oníṣẹ́ Eyín
Ẹbí ni wọ́n. Tiwa ló le jù. Bó bá ń le lọ́wọ́, ó máa ń gbóná bí ọmọ tí ibà mú.

Ọmọ Bàyékù
Ti píǹkì yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?

Oníṣẹ́ Eyín
Áljínéètì ni wọ́n ń pè é. Inú ewéko òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ọmọ Bàyékù
Ewé tó ń dí ọkọ̀ wa lọ́nà lójú ọ̀sà yìí? Mo ti lówó nìyẹn!

Oníṣẹ́ Eyín
Rárá o. Inú òkun ni tiwa ti ń hù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi tíì. Má kó ewé ọ̀sà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Àdùkẹ́ Ẹléjì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, inú ń bí mi dòní. Èjí ni mo ní láti kékeré. Ìyá mi ní in, ìyá tó bí ìyá mi ní in. Màrúwá dà wá sílẹ̀ lọ́nà Ìṣawo, eyín iwájú méjèèjì lọ. Wọ́n gba ìwọ̀n, mo fara dà á, kò sí wàhálà. Nígbà tí eyín dé, ó funfun, ó tò gbọnrangandan bíi ti obìnrin inú ìpolówó ọṣẹ ìfọyín. Mo wò ó nínú dígí. Mo ní, "Èjí mi ńkọ́?" Dókítà ní, "Àǹtí, a ti bá yín dí i. Ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà?" Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo délé, ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Àdùkẹ́, rẹ́rìn-ín kí n rí ọ." Mo rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì
Háà! Wọ́n jí èjí gbé!

Dúró Owútù
Èyí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ lọ.

Oníṣẹ́ Eyín
Ẹ má pa wá o. Bí eyín iwájú méjèèjì bá ti lọ, ààyè òfìfo ni ìwọ̀n máa gbé wá. Ìwọ̀n ò lẹ́nu tó fi máa sọ pé èjí wà níbẹ̀ rí.

Ọmọ Bàyékù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́. Bí ààyè yẹn bá fẹ̀ ju eyín méjì lọ, kò yẹ kó fu yín lára?

Oníṣẹ́ Eyín
…Ó yẹ kó fu wá lára. Àwọn kan á kàn mú eyín tó fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi kún un. Èmi máa ń pe dókítà kí n tó dí ààyè kankan.

Bàbá Agbọ̀wà
Ẹ̀ ń pariwo lórí èjí. Kì í ṣe gbogbo èjí ni Ọlọ́run fúnni. Nígbà èwe wa, mo mọ àwọn tó lọ fi fáìlì yọ tiwọn torí kí ọkùnrin lè máa wò wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe èjí, ihò ni.

Àdùkẹ́ Ẹléjì
Bàbá, tèmi kì í ṣe ti fáìlì o. Àbímọ́ ni.

Bàbá Agbọ̀wà
N kò bá ẹ wí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ti di àtọwọ́dá, èjí àárín rẹ̀ náà di àtọwọ́dá.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ gé tí wọ́n ṣe ti igi fún, ṣé kó má wọ bàtà mọ́ ni?

Èrò Ọkọ̀ Ìpakòdò
Èmi, eyín tí wọ́n ń gbìn sínú egungun ni mo ṣe, ti ìjẹun kan nísàlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìdè irin táítéńíọ́ọ̀mù sínú egungun àgbọ̀n. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró kí egungun lè dì mọ́ ọn. Dókítà sọ pé Brånemark, oníṣègùn ará Sweden, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ féèyàn ní 1965, ọkàn mi bá balẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ ìwọ̀n gan-an ló yà mí lẹ́nu. Abọ́ tiwọn ní ihò lókè, wọ́n so irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìdè náà, irin ọ̀hún yọrí jáde lójú ihò. Sílíkọ́ọ̀nù le tán, ẹ wá wo dókítà tó ń tú irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà lẹ́nu mi, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, bíi mẹkáníìkì tó ń yọ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tó gbé abọ́ jáde, irin yẹn ti bá a lọ.

Dúró Owútù
Ìdè nínú egungun? Bó bá tú ńkọ́?

Èrò Ọkọ̀ Ìpakòdò
Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ìyá Kẹhìndé, Ẹ̀pẹ́
Ti kámẹ́rà ni wọ́n ṣe fún mi, kò sí ẹ̀kọ kankan. Wọ́n kàn ń fi ọ̀pá oníná kan yí eyín ká, àwòrán rẹ̀ ń hàn lórí kọ̀ǹpútà. A dé ìdajì, iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, mo ti sùn.

Ọmọ Ẹbúté
Kí ni mo wá fẹ́ máa jẹ kí eyín tó dé?

Ìyá Ìbejì
Ìkòkorè. Kí lo tún ń wá?

Ìyá Kẹhìndé, Ẹ̀pẹ́
Ti Ẹ̀pẹ́ o, tó lẹ́ja nínú. Ti Ìkòròdú yín, ewùrà àti omi ata ni.

Bàbá Agbọ̀wà
Ìwọ obìnrin yìí, èwo nínú tiwa lo ti jẹ rí?

Àdùkẹ́ Ẹléjì
Mo gbàgbé láti parí ọ̀rọ̀ mi. Mo lọ síbòmíì, wọ́n tún ìwọ̀n gbà, mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó mi lé wọn lọ́wọ́. Èjí padà dé. Ìyá mi ní ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹbúté
Mo ti dé o, Túsìdeè ti kọjá. Wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí mi lórí ahọ́n, wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú, kí n máa fi imú mí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí ara mi lè mọ̀ ọ́n. Mo gbẹ́sẹ̀ sókè bí Mọ̀mí ṣe wí. Mi ò bì! Irùngbọ̀n mi nìkan ló bá abọ́ lọ díẹ̀, n kò fi básíláìnì pa á.

Àdùkẹ́ Ẹléjì
Àbúrò, ṣé o ní èjí tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Ẹbúté
N kò ní. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó láti àná.

Bàbá Agbọ̀wà
Ẹ wò ó!

Oníṣẹ́ Eyín
Pe dókítà rẹ lálẹ́ yìí kó kọ ọ́ sórí ìwé. Bí eyín bá ti jáde nínú ìkòkò tí mo fi ń sè é, èmi ò mọ̀ ọ́ rí o.