Ọmọ tó gbé káàdì ẹ̀fọ́: ìrírí wa lórí fífi eré kọ́ ọmọ ní oúnjẹ aṣaralóore

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, ní ọ̀nà Mọ́níyà. Gbogbo wa la mọ ẹ̀kọ́ oúnjẹ bó ṣe máa ń rí: èyí tó ń fún ni lágbára, èyí tó ń mú ara dàgbà, èyí tó ń dáàbò bo ara. Àwọn ọmọ á kà á lákàtúnkà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á gba máàkì. Tó bá di àkókò ìsinmi, wọ́n á ṣí kúlà: ìrẹsì, índómì, búrẹ́dì, ìrẹsì, índómì, sùpàgẹ́tì. Ẹni tó kọ ọ́ láàárọ̀ pé ẹ̀fọ́ ń dáàbò bo ara, òun náà ni yóò máa fi ìka ṣa ewé tínńtín inú ìrẹsì rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ mọ eré tí àwọn ọmọ fi ń sá yíká pápá, tí wọ́n á máa kọrin pé iná ń jó lórí òkè, tí ẹni tó ń darí á wá pariwo iye kan, tí oníkálukú á sáré wá ẹni tí wọn yóò jọ dì mọ́ra kí iye náà lè pé. Òun ni mo yí padà. Mo ya oúnjẹ sára páálí, mo gbé e kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Tí mo bá ti pariwo pé "Àwo!", ọmọ mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó di àwo oúnjẹ kan, ọ̀kan láti inú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣu àti ẹ̀bà ò lè dá dúró kí wọ́n ní àwọn ti di àwo.

Ohun tó mú un dùn ni pé n kò pín káàdì náà dọ́gba. Bí mo ṣe rí oúnjẹ nínú kúlà wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣe pín in. Ìrẹsì ló pọ̀ jù, búrẹ́dì tẹ̀lé e. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kò tó nǹkan. Ti ẹ̀fọ́ àti èso, díẹ̀ báyìí ni. Mo fun fèrè. Ẹ wá wo ìjà! Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà mú sẹ́gbẹ́ tí wọ́n bá ń ṣeré, torí ó máa ń tijú. Òun ni káàdì ẹ̀fọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ya. Àwọn ìrẹsì wá ń rìn kiri bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fìbínú yíjú sí mi: "Àǹtí, ẹ̀fọ́ ò tó!" Mo ní, "Ta ló yẹ kó gbé e wá?"

Láti ìgbà náà, àwọn kan ti ń lọ bẹ ìyá wọn nílé pé kó bu ẹ̀fọ́ sí kúlà àwọn, nítorí mo ti sọ fún wọn pé ohun tó bá wà nínú kúlà ni mo fi ń pín káàdì. N kò ní parọ́, kì í ṣe gbogbo ìyá ló dá wọn lóhùn. Àmọ́ mo ti ń rí gbọ̀rọ̀ nínú ìrẹsì, mo sì ti rí ẹni tó gbé ìbẹ́pẹ wá nínú ọ̀rá. Eré wo ni ẹ̀yin ń lò?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Èmi ò ní pápá, ọjà ni pápá tèmi. Tí mo bá ń lọ sí Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń mú àwọn méjèèjì dání, àlọ́ ni mo sì fi ń darí wọn láàárín ìsọ̀. "Ọba wo ló dé adé ẹlẹ́gùn-ún, tí adùn kún inú rẹ̀?" Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òun ni yóò kí ìyá tó ń tà á, òun ni yóò ná an, òun náà ni yóò sanwó. Àwọn onísọ̀ ti mọ̀ wọ́n báyìí. Tí wọ́n bá rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, èènì ti wà nílẹ̀.

Tí a bá délé, ìdíje ewédú bẹ̀rẹ̀. Bàsíà kan síwájú oníkálukú, ẹni tó bá kọ́kọ́ já ewé tirẹ̀ tán ni mo máa gbé ìjábẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọmọdé fẹ́ràn ìjábẹ̀ ju ohun ìṣeré tí ẹ lè rà lọ, ẹ dán an wò. Kí n má tàn yín, Táyé ń lá ewédú títí kan ìdí àwo. Kẹ́hìndé tó máa ń gba ìjábẹ̀ ní gbogbo ìgbà kì í fẹnu kàn án, ó ní ó ń yọ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Gbẹ̀gìrì ló fi ń jẹ àmàlà tirẹ̀, ẹ̀wà náà sì ni, kí ni mo tún ń bá a jà sí?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Mushin

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ìyá. Ìtàn yín dùn, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń gbé níbí, yàrá kojú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ni ibi ìdáná, òun náà ni ibi ìsáṣọ tí òjò bá ń rọ̀. Ta ni yóò sáré níbẹ̀? Ọkọ̀ ni mo ń wà, kí n tó délé, àwọn ọmọ ti sùn. Ẹyin ti wọ́n bí ojú. Eré ò lè bá mi ra ẹyin. Àwọn ọmọ mi mọ orúkọ gbogbo oúnjẹ tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, owó tó wà nídìí rẹ̀ nìkan ni wọn ò mọ̀.

Ọ̀gá Eré Ìdárayá, Òṣogbo

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn lórí owó. Ní Ọ̀ṣun níbí, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ O'Meals, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ní 2012, a fojú rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ní pápá. Ọmọ tí ebi ń pa kì í sáré, ó máa ń jókòó sábẹ́ igi ni, á ní inú ń run òun. Ní 2016 ni ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní eré nìkan tó, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àmọ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ní ọgbọ́n kan fún yín. Súwé. Ṣé ẹ rántí súwé? Ẹ fi èédú ya á sílẹ̀, kò ju fífẹ̀ ẹní lọ. Ẹ kọ oúnjẹ kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tí apá yín ká. Ọmọ á ju òkúta, á fi ẹsẹ̀ kan fò lọ fò bọ̀. Ilé tí òkúta bá bọ́ sí, kó tó he é, kó dárúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ inú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ tún dárúkọ kan náà. Ilé ẹ̀wà ni eré máa ń gbóná sí jù, torí ẹ̀wà kì í tán lẹ́nu ọmọ Yorùbá: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, àdàlú, ẹ̀wà rírò. Ọmọ kan níbí dárúkọ ẹ̀kuru, kò sí ìkankan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ rí. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹ̀kuru ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì láti fi ṣe ẹlẹ́rìí! Gbogbo wọn jẹ ẹ́, pẹ̀lú ata dídín. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé ó ń ṣe ara lóore.

Ní pápá, eré oníṣíbí ni tèmi, èyí tí ọmọ máa ń fi eyín di ṣíbí mú, tí ọsàn wẹẹrẹ wà lórí rẹ̀. Mo tún ní èyí tí a fi ń sáré gbé ọbẹ̀. Mo kó ilá, ata, àlùbọ́sà, tẹ̀tẹ̀, irú tí a dì sínú ewé, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìkángun pápá. Mo á pariwo pé "ọbẹ̀ ilá!" Ọmọ kan, ohun kan, kó sáré gbé e wá kí ẹni kejì tó lọ. Ẹgbẹ́ tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ló gbé igbá orókè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń dẹ wọ́n. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wo ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, tó wá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé fún ọbẹ̀ ilá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i kí inú wa má bàa dùn jù. Ẹ má fi jíjẹun gan-an ṣe ìdíje. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá wa láti ibi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ máa sáré, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ tán ló gba ẹ̀bùn. Ẹ̀pà há ọmọ náà lọ́fun. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ̀pà odidi àti kóró àgbálùmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá ń fò sókè fò sílẹ̀. Eré kọ́kọ́, ìfọwọ́ tẹ̀lé e, ìjókòó, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ.

Ẹ má fi súìtì ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀fọ́ burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní láti sanwó fún òun kí òun tó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mínírà. Ní 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà kan mínírà aládùn, síbẹ̀ òun la ṣì ń gbé fún ọmọ tó bá borí nínú eré sísá. Omi tútù ńkọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, lójúmọ́ fún eré tó ń mú èèyàn mí gulegule. Ti èso àti ẹ̀fọ́, gíráàmù 250 lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 2 sí 5, 350 fún ọmọ ọdún 6 sí 9, 400 fún ẹni ọdún 10 sókè. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbé òṣùwọ̀n sí ìdí ìkòkò. Ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ lọ́sàn-án àti lálẹ́, èso kan láàárín, ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì, ó dáa bí ẹ ò ṣe fipá mú Kẹ́hìndé. Ọmọ mìíràn á rí oúnjẹ tuntun ju ìgbà mẹ́wàá lọ kó tó gbà á sẹ́nu. Ẹ ṣáà máa gbé díẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní England níbí, ìjọba ló ń san owó èso tàbí ẹ̀fọ́ kan ní ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6 nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ilé ẹ̀kọ́ tiwa tún ń ṣe Daily Mile, ìṣẹ́jú 15 tí gbogbo kíláàsì fi ń sáré tàbí kí wọ́n rìn yíká pápá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Stirling, ní Scotland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2012. Ohun tó ká mi lára ni ìwé àwòrán tí ọmọ mi gbé bọ̀ wálé: bùrókólì, píà, kárọ́ọ̀tì, ápù. Ó wo ìkòkò mi, ó bi mí bóyá ewédú wà nínú èso àti ẹ̀fọ́ márùn-ún tí wọ́n ní kí àwọn máa jẹ lójúmọ́. Mo ní ó wà níbẹ̀ dáadáa.

Mo lọ sí àwọn ìsọ̀ Rye Lane, mo ya fọ́tò tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ewúro, àgbálùmọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì. Níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀, a fi káàdì náà pa mọ́ káàkiri ẹ̀yìn igi ní pápá Peckham Rye, àwọn ọmọ sì ń sáré wá a. Ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jamaica ló rí tẹ̀tẹ̀, ó kígbe "callaloo!", ó ní ìyá àgbà òun ń sè é láràárọ̀. Ewé kan náà ni lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni tẹ̀tẹ̀ ti níyì lójú ọmọ mi.

Ọkọ mi wá ń jiyàn pé dòdò wà nínú márùn-ún. Kò sí níbẹ̀ o. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún ni lágbára ni wọ́n kà wọ́n sí. Ó ṣì ń bínú.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Mushin

Ọ̀gá Òṣogbo, mo ya súwé náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ yàrá mẹ́rin ló kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá onílé ní kí n wá nu èédú kúrò nílẹ̀ òun, ṣọ́ọ̀kì ni mo wá ń lò báyìí. Àbíkẹ́yìn mi dé ilé ẹyin, ó ní, "Ẹyin tí Dádì máa rà." Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ti owó tí mo sọ, mo ṣì dúró lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kuru ni wọ́n ní kí ìyá wọn sè lọ́la, ẹ̀wà sì wà nílé. Àǹtí Tíṣà, páálí wo lẹ fi ń ṣe káàdì yẹn tí kì í tètè ya?

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, Bàbá. Páálí índómì ni o. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì wa ló ń kó o fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gé e tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ẹ lu ihò méjì sí i, kì í ṣe ẹyọ kan, kó má bàa yí dà nígbà tí wọ́n bá ń sá. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé ọmọ lọ́rùn, aṣọ tí ẹ fà ya ló dáa, ẹ má sì ta á ní kókó, ẹ kàn gbé e kọ́ lásán, kó lè já kúrò tí wọ́n bá fà á. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú káàdì náà, òjò ti ń bọ̀.