Fọ́sìlì tí wọ́n ń tà fún olówó: kí la pàdánù níbẹ̀?

Ọmọ Ọjà Ọba
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Akúrẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ gbàǹjo Sotheby's fi fọ́sìlì (eegun tó ti di òkúta) Stegosaurus, dáínósọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Apex, ṣe gbàǹjo ní New York. Olówó kan, Ken Griffin, rà á ní mílíọ̀nù 44.6 dọ́là. Àwọn kan ní ìbàjẹ́ ni, àwọn kan ní ẹni tó bá lówó ló ń rajà. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Kí ni ìmọ̀ pàdánù gan-an bí eegun bá wọ pálọ̀ olówó? Bí òṣìṣẹ́ tó ń wa òkúta ẹfun ní Okeluse bá sì rí ìkarahun tàbí eyín ẹja tó ti di òkúta, tí oníbàárà ń dúró dè é, kí ni kó ṣe?

Awòkúta
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rí fọ́sìlì lára òkè Ìdànrè tàbí àpáta tó yí Akúrẹ́ ká, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀, nínú ooru gbígbóná, ni àpáta wọ̀nyẹn ti dì, eegun kò sì lè kù níbẹ̀. Ibi tí omi òkun dó sí láyé àtijọ́ ni kí ẹ wá a sí: gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, àti Ewékorò ní Ògùn.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, eegun tí a kò mọ ibi tó ti wá kò lè sọ púpọ̀. Ipele ilẹ̀ tó sùn sí ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun níbí. Ọdún 1965 ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú òkú kan jáde níbẹ̀. (Kò tíì di òkúta bíi ti Apex o, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà ni.) Wọ́n kọ ipele tó wà sílẹ̀, wọ́n kó èédú àti àwọn irinṣẹ́ olókùúta tó wà níbẹ̀. Òun la fi mọ̀ pé òkú náà tó nǹkan bí ọdún 13,000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún yẹ agbárí rẹ̀ wò tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2011, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ká ní pálọ̀ ẹnìkan ló wọ̀ ní 1965, ta ni ì bá tún un yẹ̀ wò?

Jẹ́-n-tà
Ẹ̀gbọ́n Awòkúta, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta. Bí katapílà bá ti gbé e, ó di sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Oníbàárà ló ń mú kí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un. Àwọn oníṣòwò fọ́sìlì ló hú Sue, dáínósọ̀ T. rex tó wà ní ilé ọnà Field Museum ní Chicago, gbàǹjo ni wọ́n sì ti rà á ní 1997, mílíọ̀nù 8.36 dọ́là.

Awòkúta
Àbúrò, Sue yẹn gan-an ló gbówó lérí ọjà. Field Museum kò dá a rà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló gbè é lẹ́yìn. Nígbà tó di 2020, T. rex mìíràn, Stan, lọ ní mílíọ̀nù 31.8 dọ́là. Ilé ọnà wo ló lè bá wọn du ìyẹn? Apex wà ní ilé ọnà kan ní New York báyìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíyá ni wọ́n yá wọn, olóhun lè gba ohun rẹ̀.

Ẹ má sì gbára lé “ilẹ̀ bàbá mi ni”. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní Mongolia, ìjọba ló ni fọ́sìlì. Dáínósọ̀ Tarbosaurus tí wọ́n jí kó níbẹ̀, tí wọ́n tà ní New York ní 2012, ní 2013 ni wọ́n dá a padà sílé. Níbí, òfin ọdún 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, òfin ilé ọnà sì ní kí ẹnikẹ́ni má kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ.

Ìyá Atúneegunṣe
Ẹ ti fi òṣìṣẹ́ inú kòtò sílẹ̀. Kó má tíì fà á yọ. Kó fi rúlà tì í, kó ya fọ́tò láti ìtòsí àti láti òkèèrè kí ipele ilẹ̀ hàn, kó da nọ́ńbà ibẹ̀ kọ láti orí máàpù fóònù. Pẹ́ńsù ni kó fi kọ ọ́. Bírò á ṣí bí omi bá kàn án.

Bó bá tóbi, kó gbẹ́ yí i ká títí á fi jókòó lórí ìdí tín-ín-rín bí olú. Tíṣù tútù ni kó kọ́kọ́ fi bò ó, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, kó tó ya àpò kòkó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó rì í sínú P.O.P. tí àwọn oníṣẹ́ àjà ilé ń lò, kó fi wé e. Omi ni kó bu ìyẹ̀fun sí, kó má bu omi sí ìyẹ̀fun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣù. Kó ki bí ògì tó jiná. Ẹni tó bá fo tíṣù, P.O.P. á lẹ̀ mọ́ eegun, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i ni eegun á bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da súpà-gúlù sí i, kì í fẹ́ ṣí mọ́. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìkarahun. Ohun kan náà ni ìkarahun àti òkúta ẹfun. Bí ẹ bá rí i tó ń hó, òun gan-an ló ń yọ́ lọ. Eyín kéékèèké, ike oògùn àti òwú ti tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fọ́tò lọ sí ẹ̀ka jíọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta) ní yunifásítì FUTA tàbí ilé ọnà Ọ̀wọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.

Ọmọ Ọjà Ọba
Ẹ ṣé, Mà. Òṣìṣẹ́ náà ńkọ́, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀?

Ìyá Atúneegunṣe
Kí ilé-iṣẹ́ san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó bá fi ibi tó ti wá hàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí rẹ̀. Ọ̀gá kúárì ni kí ẹ lọ bá sọ ìyẹn.