Dùùrù oníná mi kò dún dáadáa nínú yàrá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atẹdùùrù_Alẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dùùrù oníná tó ní kíbọ́ọ̀dù méjì àti pẹ́dà ẹsẹ̀ ni mo ní, nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Bí mo bá fi headphone gbọ́ ọ, ó ń já gaara. Tí mo bá ti yọ ọ́, á máa dún bí ẹni tó bo ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nóòtì ẹsẹ̀ kan ń bú ramúramù, èyí tó tẹ̀ lé e kò fẹ́ẹ̀ jáde. Ṣé kí n ra sípíkà ńlá?

Olóhùn_Igi: Ẹ má tíì náwó. Bí headphone bá dùn, dùùrù yín kò ṣẹ̀. Sípíkà àti yàrá ni ká dì mú. Sípíkà inú dùùrù yẹn, orúnkún yín ló kọjú sí. Dùùrù onífèrè, tí dùùrù oníná ń sín jẹ, kì í ti ojú kan ṣoṣo dún: fèrè kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, ohùn a sì gbá ògiri àti àjà kó tó dé etí. Ẹ wá sípíkà kékeré méjì, ẹ gbé wọn ga ju orí yín lọ, kí wọ́n kọjú sí àjà. Mo ṣe é nílé, ìró tó ń gún mi létí tẹ́lẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ìyá_Akọrin: Òótọ́ ni. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì náà. Aṣọ nínípọn ń gbé ohùn òkè mì, kò sì lè rí ti ìsàlẹ̀ mú. Ẹ ká díẹ̀ kúrò. Kí ẹ sì rọra fi reverb (ìró tó ń tẹ̀ lé ohùn bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) sí i. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ orin á dàrú.

Ẹlẹ́sẹ̀_Dídùn: Ọ̀rọ̀ pẹ́dà ni tèmi, torí ó jẹ mí níyà fún ọdún púpọ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì yàrá máa ń há sáàárín ògiri méjì. Ní yàrá mítà 4, ó bọ́ sí bíi 43 Hz (ìgbì 43 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ fa stop (bọ́tìnì tí a fi ń yan ohùn) ẹsẹ̀ bàtà 16, èyí tó ń dún nísàlẹ̀ ju ti 8 lọ, ẹ tẹ nóòtì F tó wà nísàlẹ̀ jù lórí pẹ́dà: ó jọ pé òun ló ń bú. Sípíkà ńlá á kàn sọ F yẹn di ńlá sí i ni! Ẹ yá subwoofer (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀), ẹ gbé e lé àga tí ẹ fi ń tẹ dùùrù. Kí ẹnì kan máa fọwọ́ tẹ pẹ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Ibi tí nóòtì ti dọ́gba létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má fi sí igun. Igun ń ru gbogbo wọn sókè.

Olóhùn_Igi: Bí dùùrù yín bá gbà kí ẹ tún ohùn nóòtì kọ̀ọ̀kan ṣe, ìyẹn ló kẹ́yìn, lẹ́yìn tí sípíkà bá ti jókòó.

Atẹdùùrù_Alẹ́: F ni lóòótọ́! Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Àbúrò mi fọwọ́ tẹ pẹ́dà, mo rákò títí mo fi dé àárín ògiri tó gùn, C dé G sì dọ́gba níbẹ̀. Mo ti fi páálí há gíláàsì náà. Stop Flute (ohùn fèrè) ẹsẹ̀ bàtà 8 nìkan ni mo tẹ̀ lálẹ́ àná, n kò fẹ́ dìde. Ó ku D kan lókè tó ṣì ń pariwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ tún ṣe lónìí.