Ibo lẹ kan aláàmù èéfín mọ́ nílé yín? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi látìgbà ọyẹ́ tó kọjá.

Àbúrò ọkọ mi ló kó aláàmù èéfín méjì wá fún wa láti òkè òkun. A kan ọ̀kan mọ́ àjà ilé ìdáná, a fi ìkejì sínú àpótí. Ṣebí ilé ìdáná ni iná ń gbé, níbẹ̀ la rò pé ó tọ́ sí.

Kí n tó da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná tán, ó ti han gooro. Bí mo dín dòdò, ariwo. Bí mo yan ẹja, ariwo. Táyé á mú aṣọ ìnura, á máa fi fẹ́ ẹ títí á fi dákẹ́. Nígbà tó sú wa, bàbá wọn gun àga, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó kó o sínú tọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá a jiyàn, inú mi dùn pé etí wa sinmi.

Iná tó wá bá wa kò ti ilé ìdáná wá rárá. Lóru ọjọ́ kan, kò síná, ẹ̀fọn pọ̀, àwọn ìbejì tan kọ́ìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì já lé e. Fóòmù yẹn ò gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ló ti ń rà, tí èéfín ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ iná. Àwọn ọmọ ò jí. Èmi náà ò gbóòórùn ohunkóhun lójú oorun, ìtọ̀ ló jí mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn wọn, mo tan tọ́ọ̀ṣì: èéfín ti kún láti àjà wá dé àyà mi, ṣùgbọ́n nílẹ̀, mo ń rí bàtà wọn ketekete. Mo fi eékún rá wọlé, mo fa Táyé lẹ́sẹ̀, bàbá wọn gbé Kẹ́hìndé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a wo fóòmù náà. Ihò ojú rẹ̀ ò ju ẹnu ife tíì lọ. A fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti dúdú dé òdìkejì. Tọ́ọ̀ṣì tí mo tàn wọlé lóru yẹn, bátìrì aláàmù ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ibo gan-an ló yẹ kó wà?

Oníṣẹ́ Iná, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ewu, Màmá. Ojú yín ò ní rí ibi. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń sùn ni aláàmù wà fún. Ẹni tó ń dáná ti fojú ara rẹ̀ rí èéfín. Yàrá kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ń sùn ló yẹ kó ní tirẹ̀, kí òmíràn wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ilẹ̀kùn àwọn yàrá náà kọjú sí. Tó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sítóòfù tó ẹsẹ̀ bàtà 10, wàhálà dòdò á dínkù.

Àjà ló dáa jù, nítorí ooru ló ń gbé èéfín ròkè. Ẹ̀yin náà rí i pé ìsàlẹ̀ ló ṣì mọ́. Bó bá jẹ́ ara ògiri lẹ fẹ́ kàn án mọ́, kó má jìnnà sí àjà ju íǹṣì 12 lọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù, oníbàárà kan ní Òwódé ní kí n fi tòun pamọ́ sẹ́yìn fáànù, kó má ba ẹwà pálọ̀ jẹ́. Mo gbà fún un. Mo wá fi èéfín kọ́ìlì dán an wò, fáànù ń yí, a dúró títí, kò dún. Afẹ́fẹ́ fáànù ń gbá èéfín lọ sójú fèrèsé. Mo tú u, mo sún un kúrò lọ́nà fáànù àti fèrèsé, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí abẹ̀bẹ̀ fáànù náà. Kò pẹ́ tó fi ké. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Màmá, èyí tí wọ́n ń pè ní photoelectric, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ mọ èéfín, ló tètè ń mọ èéfín fóòmù tó ń rà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Tó bá ti pé ọdún 10, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bó ṣì ń dún.

Akẹ́kọ̀ọ́, Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ewu, Mọ̀mí. Tèmi kàn ń dún "píọ́n" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Èmi àti rúùmétì mi wá ìrẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àṣé bátìrì ló ń kú lọ! Lásìkò ọyẹ́, eruku tún wọnú rẹ̀, ó ń ké lásán. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n báyìí.

Àkọ́bí, Ìjẹrù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má gbàgbé àwọn àgbà o. Bàbá wa ti lé lẹ́ni 80 ọdún. A kan aláàmù sí yàrá wọn, a tẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Gbogbo agboolé sáré jáde, Bàbá ò tiẹ̀ yíra padà. Ohùn tó tín-ín-rín ni etí wọn ò gbé mọ́. Àwọn aláàmù kan wà tí ohùn wọn nípọn, wọ́n máa ń kọ 520 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe nípọn sí) sí wọn lára, ìyẹn là ń wá báyìí. Kó tó dé, a ra méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan ní yàrá wa. Bí tiwọn bá dún, tiwa náà á dún, èmi ni màá lọ gbé wọn. Mo sì fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, torí irin ló wà lójú gbogbo fèrèsé wa.

Oníṣẹ́ Iná, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti jẹnẹrétọ̀ kún un. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń tara rẹ̀ jáde, kò ní àwọ̀, kò lóòórùn, aláàmù èéfín kì í mọ̀ ọ́n. Aláàmù tirẹ̀ yàtọ̀. Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ máa wà, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ìyá Ìbejì, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. A ti tú ti ilé ìdáná kúrò. Ọ̀kan wà ní yàrá àwọn ìbejì, ọ̀kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, a sì ti fowó ìkẹta sílẹ̀ fún yàrá tiwa. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Kẹ́hìndé á fi igi ìgbálẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ti ọ̀ọ̀dẹ̀. Táyé á ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn á wà ní títì, a ó sì máa retí ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: "Mo gbọ́ o!"